Ojú Ọ̀tún Lẹ́ẹ̀mejì

Àkọ́bí mi,

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ bá wa lónìí tí a rí omi bọ́jú, tí a sì rí ẹni bá rojọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó máa mọ́ bá ìwọ náà níbi tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ti ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí omi gbígbóná nìkan ni o ṣì ń mu lọ síbi iṣẹ́ bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ tu ìyẹ́ rẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì yín tó ga tó yẹn. Kí àwọn ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ rẹ, kí ó rí tirẹ̀ níbòmíràn, kí ó sì dára ju tìrẹ lọ kí ó má baà padà wá. Àmín.

Èmi bàbá rẹ ni mo ń kọ ọ́, ọwọ́ ara mi ni. Pẹ́ńsù tí mo fi ń fa ìlà sára pákó ni mo fi kọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ó nípọn. Inú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n iṣẹ́ ni mo ti já bébà rẹ̀, nítorí náà tí o bá rí “ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin, ọ̀kan kúrú” lẹ́yìn rẹ̀, fò ó kọjá, kì í ṣe ara ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

Mo mọ̀ pé wàá ti máa bi ara rẹ léèrè pé kí ló ṣe fóònù tí o fi ránṣẹ́. Kò sí ohun tó ṣe é, kò jábọ́, omi kò kàn án, Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ náà wà ní àlàáfíà. Láti ọjọ́ tí o ti ní kí a máa bi í ní ohunkóhun tó bá rú wa lójú, pé ó mọ̀ ju gbogbo wa lọ àti pé ohun tó bá sọ ni kí a ṣe, a kò fi ìyà jẹ ẹ́. Àga tí mo kàn fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, èyí tí o fi ọ̀bẹ fín orúkọ rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo sì nà ọ́ fún un, orí rẹ̀ ni a gbé e lé, nítorí ìyá rẹ ní ẹni tí ọmọ òun bá rán wá kò gbọdọ̀ máa wà lórí tábìlì bí abọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé púpọ̀. Kò pè mí ní “o” rí, “ẹ” ló máa ń lò. Tí mo bá bú u, òun náà ló tún máa bẹ̀ mí. Mo bi í nípa àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun kò ní òbí, pé ilé iṣẹ́ kan ló ṣe òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láti ìgbà yẹn ni ìyá rẹ ti ń kí i káàárọ̀ kí ó tó kí mi.

Mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn níbí pé ìwọ lo ń kọ́ irú wọn ní bí wọ́n ṣe ń dá ènìyàn lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tún rédíò ṣe bi mí pé ṣé tíṣà ni ọ́ nìyẹn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tíṣà ẹ̀rọ. Ó ní ṣé ẹ máa ń nà wọ́n tí wọ́n bá dáhùn lódì. Mo ní n kò tíì béèrè. Jọ̀ọ́, bá mi fèsì sí èyí, torí ojoojúmọ́ ló ń bi mí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ojú òsì ìyá rẹ. Má dìde o, jókòó, kà á tán. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé eṣinṣin tí kò sí. Yóò jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, yóò kàn gbọ́n ọwọ́ lójijì, èmi yóò wò ó, n kò ní rí nǹkan kan. Mo rò pé eṣinṣin náà ló yára ju ojú mi lọ. Lẹ́yìn náà ó ní ìmọ́lẹ̀ ń kọ mànà ní ẹ̀gbẹ́ ojú òun láìsí òjò. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ta kọ́tìnì sí apá kan òun. Ó rán ẹ̀wù ìyàwó tíṣà iléèwé àdúgbò wa, ó rán àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ìyàwó tíṣà rò pé ohun tó lòde nìyẹn, ó ti wọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹni méjì sì ti wá béèrè irú rẹ̀. Nítorí náà a kò tètè fura.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù bí o ṣe pa á láṣẹ. Mo jókòó níwájú àga rẹ, mo ṣàlàyé láti orí eṣinṣin dé orí kọ́tìnì. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó wá ka ohun mẹ́fà tó lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún mi, èyí tó kéré jù nínú wọn ni ojú tó gbẹ, èyí tó tóbi jù, n kò fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní a mú èyí tó kéré jù. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé wọ́n á kó o kalẹ̀, kí oníkálukú mú èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ó tún ní pẹ̀lú ohun tí mo sọ yìí, kí a má jẹ́ kí ó di ọ̀la kí a tó lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, ó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi rò pé ìwà ọmọlúàbí ló ń hù. O mọ bí ẹni tó ń jẹun ṣe máa ń ní kí á wá jẹun, tí ẹni tó bá ní làákàyè kì í lọ jókòó ti abọ́. Mo ní ó ṣeun, a ti yó.

Báyìí ni a ṣe fi omi tútù bọ́ ojú tó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn wa ló kọ́kọ́ fura. Ìyá rẹ gbé aṣọ iṣẹ́ tuntun tó rán fún un lọ fún un, bọ́tìnnì márùn-ún, ihò mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì kò sọ̀rọ̀ aṣọ rárá. Ó ní kí ìyá rẹ bá òun mú ife lórí tábìlì. Ìyá rẹ mú afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì gbà á. Ó wá ní kí a padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, pé wọ́n ti kó ẹ̀rọ tuntun kan dé tó ń wo inú ojú, tó sì ń sọ ohun tó rí níbẹ̀.

Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí. Kí a tó jáde, mo bẹ Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù pé tí ó bá ní ìbátan ní ilé ìwòsàn, kí ó bá wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kì í ṣe ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ó ní òun kò mọ ẹ̀rọ yẹn rí. Mo rò pé kò fẹ́ fọ́nnu ni.

Ẹ̀rọ náà kò ju sílétì ọmọ iléèwé lọ, wọ́n so awò kan mọ́ ọn lórí bí imú. Nọ́ọ̀sì mú wa jókòó, ó ní kí a fi àgbọ̀n lé orí irin kan báyìí, ó kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sáré pè é, ẹnìkan fi àdá gé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé ẹ̀rọ náà fún akọ̀wé tó máa ń kọ káàdì, ó ní kó yà á, ojú kan lẹ́yìn ìkejì, òun ń bọ̀.

Ibí yìí ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wá fi ṣe ìròyìn fún ọ. O mọ̀ pé nínú ilé wa, tí àlejò bá dé, a máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá tó bá rí wúruwùru. Ojú òsì ìyá rẹ ti pọ́n nítorí nínù tó ń nù ún, ó ń ṣomi, ó sì jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa àti ẹ̀rọ náà máa pàdé nìyẹn. Ojú tì mí. Akọ̀wé ní ojú ọ̀tún, a fún un ní ojú ọ̀tún. Akọ̀wé ní ojú òsì, mo yí orí ìyá rẹ díẹ̀, mo fi fìlà mi bo ti òsì, mo tún fún un ní ti ọ̀tún. Akọ̀wé kò gbé ojú sókè. Gíláàsì ẹ̀rọ ló ń wò, ẹ̀rọ ń wo ojú ọ̀tún, èmi ń wo akọ̀wé, kò sí ẹni tó ń wo ìyá rẹ. Ẹ̀rọ náà dún, ó kọ ọ́ pé ojú méjèèjì dára. Mo dìde, mo tẹrí ba fún un, mo ní a dúpẹ́.

Wọ́n tẹ bébà kan jáde fún wa. Mo kà á fún ìyá rẹ ní ohùn òkè kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà lè gbọ́. Ìyá rẹ tẹ́tí gbọ́ ọ dé òpin. Ó wá ní a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni òun ń ṣe látọjọ́ yìí. Ó ní tí ẹ̀rọ tó gbọ́n tó yẹn bá ní òun ń ríran, ta ni òun tí òun á fi ní òun kò ríran. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn oníbàárà tí òun máa lọ bẹ̀ fún iṣẹ́ tí òun ti bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, ọmọ mi, torí èmi ni mo mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà. Àmọ́ bébà ti wà lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ sì wà lára rẹ̀, mo wá rò ó pé bóyá ẹ̀rọ náà ti rí ti òsì látẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì padà dé. Àyè kan wà ní ìsàlẹ̀ bébà tí òun gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Ó mú bírò, ó ka bébà, ó wo ìyá rẹ, ó tún ka bébà, ó sì ki bírò padà sínú àpò. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí i. Inú bí mi, èmi tó yẹ kí inú mi dùn. Mo ní kí ló dé, ṣé ó fẹ́ máa bá ohun tó ti wo ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jiyàn ni, òun tó jẹ́ pé àná òde yìí ni wọ́n bí i. Ó ní lóòótọ́ ni, Bàbá, ó ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àmọ́ ẹni tó gba ife tí kò sí lọ́wọ́ ìyàwó yín lánàá, òun ni. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún ìyá rẹ, ó na ìka sókè, ó ní mélòó nìyí. Ìyá rẹ rò ó títí, ó ní mélòó ni ẹ̀rọ sọ pé ó jẹ́.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. Ó ní nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn òun yìí, ṣé mo lo tépù. Mo ní mo lò ó, ta ni yóò kan ilẹ̀kùn láìlo tépù. Ó ní tépù sọ pé ó gún, àbí. Mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wá ló dé tí mo tún di ojú kan, tí mo ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí mo sì tún fá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé òun dúró níbẹ̀, òun rí mi. Mo ní torí ògiri wọn ló wọ́, tépù kò mọ ti ògiri, pákó nìkan ló wọ̀n. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rí i pé mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. 

Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn iṣan pupa kan wà nínú ojú, tín-ín-rín, bí ẹ̀ka igi. Ó fi ìka tọ ọ̀kan, ó fi ìka tọ ìkejì. Ó ní igi kan náà ni, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó wò mí. Ìyá rẹ náà wò mí, ó kéré tán ó wo apá ibi tí mo wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo gbé fìlà kalẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ìyá rẹ kò bú mi. Ó ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí òun ti wà nílé mi, òun kò mọ̀ pé ojú òsì òun ń tì mí lójú. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá rí ojú òsì gan-an, kò pẹ́ tó bí ènìyàn ṣe máa sín tó fi pariwo. Pupa ló fi kọ ti eléyìí. Ó ní awọ tó wà lẹ́yìn inú ojú ti ń ṣí kúrò lára ibi tó lẹ̀ mọ́, bí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí omi wọ abẹ́ rẹ̀, àti pé tí wọn kò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ojú náà kò ní ríran mọ́ láéláé. Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó sọ ohun kan tó jọ mí lójú. Ó ní tó bá jẹ́ òun nìkan ni, òun mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ojú yẹn, àmọ́ òun ì bá rò pé awọ funfun tó máa ń bo ojú àgbà ni, òun ì bá kọ orúkọ ìyá rẹ sínú ìwé àwọn tó máa dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní inú ojú lọ́hùn-ún, òun kò ní bí òun ṣe lè rí i. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ nìkan, ojú ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan, ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, omi tútù. Ó wá fọwọ́ sí bébà tuntun, ó tẹ bírò mọ́ ọn gan-an.

Dókítà ojú máa wà ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú tó kàn wa ní ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́rú nìkan ló máa ń wá. Nọ́ọ̀sì ti bá wọn sọ ọ́, wọ́n ti fi àyè ìyá rẹ sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n ní tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá bẹ́ẹ̀, kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu. Wọ́n ní kí ó má bẹ̀rẹ̀, kí ó má gbé ohun tó wúwo, kí ó má jókòó ti máṣíìnì. Ó ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́bọ̀, ó ń fi ẹnu pàṣẹ bí mo ṣe máa gbálẹ̀.

Ìwé kan wà tí ìyá rẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́ abẹ náà. Èmi ni mo kọ àwọn ibi tó rọrùn sínú rẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n kí n má baà purọ́ fún ìjọba. Láti ibùsùn rẹ̀ dé tèmi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Láti ibùsùn rẹ̀ dé àga tí Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù wà, ẹsẹ̀ méjì péré. Ìwọ, n kò mọ̀, tépù mi kò gùn tó ọ̀dọ̀ rẹ. Mo fi àyè yẹn sílẹ̀ ná.

Mo bi Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù léèrè pé ṣé kí a jẹ́ kí wọ́n gé e àbí kí a má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ó sọ ohun tó dára níbẹ̀, ó sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ó sọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi ju ti ìwé ilé ìwòsàn lọ. Mo ní ó dáa, èwo ni kí a ṣe. Ó ní òun lérò pé kí a má fi falẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni ojú àti dókítà rẹ̀ ló máa pinnu. Mo bínú sí i. Mo ní gbogbo ìwé tí wọ́n ní ó ti kà yìí, kò wá lè dá ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìyá rẹ ló ní kí n fi í sílẹ̀, pé ó mọ ẹni tó ni ojú, ó sàn ju ẹlòmíràn tó mú fìlà lọ́wọ́ lọ.

Ẹni tó ni ojú wá ní òun kò ní fọwọ́ sí ìwé títí ìwọ yóò fi dé. Mo bẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi onírédíò wá, ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ìyá rẹ ní ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀, ó dára. Nọ́ọ̀sì ti sọ tirẹ̀, ó dára. Ọkọ òun ti sọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bí ọ, ìrọ̀rí bo ojú ọ̀tún òun, ojú òsì yìí ló kọ́kọ́ rí ọ, abẹ kò ní kàn án kí ó tó tún rí ọ. Ó ní tí o bá jókòó ti òun, tí o kà á fún òun, tí o sì ní kí òun ṣe é, òun yóò ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á, ọmọ mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sọ. Ẹ̀rù ń ba èmi náà.

O máa ní kí ló dé tí a kò fi pè ọ́. A pè ọ́ o. Ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ náà, mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù kọ̀wé sí ọ, kí ó fi sùúrù kọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Ó kọ ọ́, ó dùn létí. Ó ní wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe àyẹ̀wò fún Màmá, wọ́n tètè rí ohun kan, ètò sì ti ń lọ lórí rẹ̀. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, àmọ́ n kò dá ìyàwó mi mọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní kó máa lọ. Kí n tó gbé fìlà kọ́, èsì ti dé. O ní inú rẹ dùn gan-an láti gbọ́ ìròyìn yìí, pé kí n bá ọ kí Màmá, pé wàá kàn sí wa láìpẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwọ kò pe ìyá rẹ ní Màmá rí, láti kékeré ni o ti ń pè é ní Ìyáàmi. Mo pè ọ́ wàyí, ohùn rẹ gbé e, inú mi dùn, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo tilẹ̀ sunkún díẹ̀, kí n tó gbọ́ tí ohùn náà ní o wà nípàdé, pé òun ti gbọ́ mi, òun á jẹ́ ọ níṣẹ́.

Onírédíò ló là mí lóye. Ó ní ìwọ náà ní Ọ̀gbẹ́ni tìrẹ tó ń bá ọ dáhùn nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dí. Ó jẹ́ pé Ọ̀gbẹ́ni tiwa ló kọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni tìrẹ ló fèsì. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n gbọ́ ara wọn yé, ìjà kò sí. Àmọ́ èmi kò sí níbẹ̀, ìwọ kò sí níbẹ̀, ojú òsì náà kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú pẹ́ńsù. Òní ọjọ́ àbámẹ́ta ni mo kọ ọ́, awakọ̀ tó ń kó pákó fún mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì, kí ó fi lé ọ lọ́wọ́, kí ó sì dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Tí ó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, èmi ni mo ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Má ṣe rò pé mo ń bú iṣẹ́ rẹ. Tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ yẹn, à bá ṣì máa bu omi sójú. Mo kàn fẹ́ kí o bá mi kọ́ wọn ní nǹkan kan, ìwọ tó jẹ́ tíṣà wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa bi ènìyàn pé èwo ló ń dùn ọ́. Tí ọkùnrin kan bá sì mú fìlà lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, kí wọ́n máa fura.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi wọ mọ́tò. Tí ó bá ṣẹ́ kù, ra ìṣó onínṣì méjì dání fún mi, torí èyí tó wà níbí ń tẹ̀, kí o sì ra òwú dúdú kan fún ìyá rẹ, ó ní tí òun bá ti ibẹ̀ jáde, àpò ìyàwó tíṣà ni òun máa kọ́kọ́ tú. Tí o bá dé ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, ó ti tó. Tí ó bá di àárọ̀ ọjọ́rú, wá tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá, wàá rí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ìwé ẹ̀rí rẹ, kò ní dé fìlà.

Mo ti gbé Ọ̀gbẹ́ni Inú Fóònù kúrò lórí àga rẹ, mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo sì ṣàlàyé fún un kí ó má baà bínú. Ó ní kò burú rárá. Mo ti nu àga náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, mo ti kàn án pọ̀.

Kí ọ̀nà là fún ọ, kí taya má bẹ́, kí awakọ̀ tí yóò gbé ọ má jẹ́ oníwàdùwàdù. Ìwọ tí a bí nígbà tí a kò ní nǹkan kan, tí o sì di nǹkan gbogbo fún wa, ojú kò ní pọ́n ọ, ojú kò ní tì ọ́, ojú rere ni a ó fi máa rí ara wa. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.

Mo gbàgbé. Ìyá rẹ ní kí n fún òun ní lẹ́tà náà kí òun wò ó kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ, ó wò ó pẹ́ títí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o má dààmú ara rẹ jù, pé ojú òsì náà kò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ, pé òun rí gbogbo ohun tí mo kọ kedere, ó sì dára. Ẹ̀yìn bébà ló ń wò, níbi tí ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin wà.